Tíṣà Kíláàsì Kẹfà

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Kafilat Àbẹ̀ní Rájí fọ èédú kúrò lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi òkìtì igi rẹ̀ sílẹ̀ lóko pẹ̀lú iná tó ń jó lábẹ́ yẹ̀pẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sun èédú ní Abà Ìdí-Ahùn tó jẹ́ dán irú ẹ̀ wò. Bí yẹ̀pẹ̀ bá là tí kò sẹ́ni tó máa dí i, atẹ́gùn á wọlé, igi ọ̀sẹ̀ méjì á sì di eérú kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó mọ̀. Ohun tó ń bí i nínú ju igi lọ.

Ó gun ọ̀kadà gba Kuta kọjá, ó forí lé Ìwó. Lẹ́tà kan wà nínú báàgì rẹ̀. Òun ló kọ ọ́, nítorí kò sí ẹlòmíì lábà tó lè kọ ọ́. Òbí méjìlélógún ló tẹ̀ka sí i, òun náà sì tẹ̀ka bíi tiwọn, kò fẹ́ kó dà bíi pé òun ń fi ìwé yangàn láàárín wọn. Ó ṣáà kàwé gboyè NCE. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ó kó gbogbo ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ fún Ọ̀gá Lateef, olórí ilé-ẹ̀kọ́ abà, pé kó bá òun wá iṣẹ́ tíṣà. Ọkùnrin náà lọ, ó bọ̀, ó ní kò sí àyè. Kafilat ò bá a jà. Ó mú àdá, ó tẹ̀ lé àwọn tó ń sun èédú.

Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà kò gùn. Wọ́n ní kíláàsì kẹfà ní tíṣà, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan tó rí tíṣà náà sójú rí.

Gbogbo ìgbà tí Kafilat àti àwọn òbí yòókù bá lọ bá Ọ̀gá Lateef, èsì kan náà ló máa ń fún wọn. "Ẹ ní sùúrù, Ìyá Zakiyyah. Tíṣà wà. Ara obìnrin náà ni kò yá."

Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá láti ọdún mẹ́fà, tí kò kú, tí kò sì san. Kafilat ní kí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀ nígbà náà.

"Kò ṣeé ṣe," ni Ọ̀gá Lateef wí. "Ìwé fi hàn pé kíláàsì náà ní tíṣà. Ìjọba ò ní gbé méjì wá."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Kò dáa ká máa pariwo orúkọ òṣìṣẹ́ ìjọba kiri."

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Ọ̀gá Lateef, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò níwà. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò kan ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló rìn wá sí oko wá bẹ Kafilat pé kó wọ aṣọ tó mọ́, kó bá wọn di kíláàsì kẹfà mú fún wákàtí kan, kí ojú má ti abà. Kafilat gé ọsàn sí mẹ́rin, ó fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìdá mẹ́rin àti ìdajì. Wọ́n ń dá a lóhùn. Inú àwọn àlejò dùn, wọ́n gbé ìwé kan fún un, ó fọwọ́ sí i. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni inú rẹ̀ fi dùn. Nígbà tí ọjọ́ Ajé kejì pé, kò sẹ́ni tó dúró níwájú kíláàsì, àwọn ọmọ sì padà sídìí òkìtì.

Ibẹ̀ ni Zakiyyah, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mọ́kànlá, wà ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó ń fi yẹ̀pẹ̀ dí ibi tó là. Ilẹ̀ já lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ inú iná dé orúnkún. Nígbà tí wọ́n ń di ẹsẹ̀ náà, ohun tí ọmọ náà bi ìyá rẹ̀ ni pé ṣé tíṣà àwọn máa wá kí àwọn tó ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìdánwò náà ku oṣù mẹ́ta. Ìwọ̀nba tó mọ̀, ìdí òkìtì ni Kafilat ti kọ́ ọ, nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Kò lè tó, ó sì dá ìyá náà lójú pé bí ọmọ ò bá yege, inú èédú ló máa dàgbà sí.

Ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwó, àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Fọládé ló gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kafilat kúnlẹ̀ kí i. Ọkùnrin náà kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin fúnra yín, ìyá, ṣé ẹ lè jẹ́rìí pé obìnrin yìí kì í wá síbi iṣẹ́?"

"Mo lè fi Kùránì búra, sà."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ni o. Owó oṣù rẹ̀ ò dáwọ́ dúró rí."

"Kó lọ sẹ́wọ̀n," ni Kafilat wí. "Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ mú un wá wo ẹsẹ̀ ọmọ mi."

"Tí mo bá ti lu òǹtẹ̀ sí i, ó di ti ọlọ́pàá. Ẹ ò ní lè padà wá bẹ̀bẹ̀ fún un."

"Mi ò ní bẹ̀bẹ̀. Ẹ lù ú, sà."

Ó lù ú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òbí Abà Ìdí-Ahùn ló mú ẹjọ́ wá. Ara Kafilat fúyẹ́ díẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọ̀gbẹ́ni Fọládé wá ṣí ìwé ńlá tí orúkọ àwọn tíṣà wà, ó fi ìka wá ìlà kíláàsì kẹfà ti Abà Ìdí-Ahùn, ó sì kà á sókè kí obìnrin náà lè gbọ́: "Rájí Kafilat Àbẹ̀ní, NCE, ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́."