Ta Ni Aránṣọ Ń Ṣoge Fún?

Aránṣọ ti ìsọ̀ dé, ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Ìyá rẹ̀ ti kọ oògùn láti àárọ̀, dókítà sì ti ní kò gbọdọ̀ sùn láìlò ó.

Síbẹ̀, iwájú dígí ni aránṣọ kọ́kọ́ jókòó sí.

Ó fọṣẹ bọ́jú, ó fi òróró díẹ̀ pa á, nítorí àtíkè kì í dúró lójú tó gbẹ.

Ó bu àtíkè náà níwọ̀nba. Ẹni tó bá bù ú lábùjù, ńṣe ló ń fi ṣòfò, ojú rẹ̀ á sì funfun bíi ti ẹni tó ṣubú sínú ìyẹ̀fun.

Ó lé tìróò. Ó kun ètè.

Alábàágbé wọn tuntun yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọlọ́ge! Lójoojúmọ́? Ọkọ wo lẹ̀ ń fi pa mọ́ fún wa?"

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ̀ yín, ẹ wá ń kun ètè! Ẹ ò rí nǹkan!"

Aránṣọ gbé omi àti oògùn, ó wọ yàrá ìyá rẹ̀.

Ojú ìyá là. "Ọmọ mi, o ti dé?"

"Mo ti dé, màmá. Ẹ yanu."

Ìyá gbé oògùn mì wẹ́rẹ́.

Nínú ìbejì tó bí, èyí tó fẹ́ràn oge ti kú láti èṣí. Ìyá ti gbàgbé. Ọwọ́ ọmọ yẹn nìkan ló sì ń gba oògùn.

"Ìkejì rẹ ńkọ́?" ni ìyá bi í. "Látìgbà tí mo ti ń ṣàìsàn, kò wá wò mí rí. Ọmọ burúkú."

"Ẹ má bínú sí i, màmá," ni aránṣọ wí. "Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè."