Àga Ọmọ Lẹ́yìn Ọkọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Tressa Ratliff wẹ ọmọ rẹ̀, Colby, ó wọ aṣọ mímọ́ fún un, ó sì gbé e sínú àga ọmọdé tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ọmọ ọdún méjì ni Colby. Tressa fa bẹ́líìtì àga náà títí kò fi dẹ̀ mọ́. Ó kó gbogbo aṣọ ọmọ náà sínú báàgì kan, ó kọ orúkọ Colby sí i lára. Lẹ́yìn náà ló gba ọ̀nà tó lọ sí ìlú Welch, láàárín àwọn òkè ìpínlẹ̀ West Virginia, ó rọra ń wakọ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí iná ọkọ̀ ọlọ́pàá fi ń ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, kò pa á dé.

Ọlọ́pàá àgbàlagbà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú fèrèsé. "Ẹ káàárọ̀, màdáámú. Ẹnì kan pè wá pé oògùn olóró wà nínú ọkọ̀ yìí, pé ọmọdé sì wà níbẹ̀." Ó wo ìwé ọkọ̀ tí Tressa nà sí i. "Ratliff? Ṣé ìwọ kọ́ lọmọ Harlan?"

"Èmi ni, sà."

"Háà! Inú ihò èédú kan náà lèmi àti bàbá ẹ ti ṣiṣẹ́. Òun ló fà mí jáde lọ́jọ́ tí òkè ya lù wá."

Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fi ìka wọn bẹ́líìtì Colby. "Bí òfin ìpínlẹ̀ wa ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyí. Àwọn tó ń mu oògùn kì í ráyè irú èyí."

"Ẹ ò ní yẹ àpamọ́wọ́ mi yìí wò, sà?"

"Àpamọ́wọ́ kẹ̀? Ọmọ Harlan?"

"Ẹ kúkú yẹ̀ ẹ́ wò, kó lè dá yín lójú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti dá mi lójú. Má bẹ̀rù, jàre."

"Mo lọ sílé ìtọ́jú lánàá. Wọ́n ní kò sí àyè."

"Ṣé ara ọmọ ò yá ni?"

"Ara ọmọ yá, sà."

"Ṣé o rí i? Máa lọ, ìyá ọmọ." Ó fọwọ́ gbá orí ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ti yà ní kọ́nà, Tressa tún pe àwọn ọlọ́pàá bó ṣe pè wọ́n láàárọ̀, ó sọ nọ́ńbà ọkọ̀ ara rẹ̀ fún wọn, ó ní oògùn olóró tí òun ò lè fi sílẹ̀ wà nínú àpamọ́wọ́ òun, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rán ẹlòmíràn tí kò mọ bàbá òun wá gba ọmọ náà lọ́wọ́ òun.