Ilé Tí Wọ́n Pè Ní Ahoro

Wákàtí méjì péré ni àwọn èrò ọkọ̀ òkun ní láti fi wo ìlú.

Obìnrin afinimọ̀nà ló ń ṣáájú wọn gòkè láti èbúté. Ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó tẹ́tí bẹ̀lẹ̀jẹ́.

Wọ́n dúró níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ọ̀dà fèrèsé rẹ̀ ti ń bó.

"Ohun tó wà nínú ìwé ni kó o kà o," ọ̀gá sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Má fi tẹnu ẹ kún un."

Ó kà á: "Ilé ahoro nìyí. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Wọ́n máa wó o lóṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n lè kọ́ òtẹ́ẹ̀lì."

Àwọn àlejò ń ya fọ́tò.

Ó ṣẹ́ ìwé náà po, ó kì í bọ àpò. "Ó ku èyí tí kò sí nínú ìwé."

"Tó o bá fi lè débi ilẹ̀kùn yẹn, iṣẹ́ ẹ tán."

"Kó tán, sà."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣílẹ̀kùn.

Òórùn àlùbọ́sà díndín pàdé gbogbo wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ohùn ìyá arúgbó kan wá láti òkè: "Àbí ìwọ nìyẹn? O mà tètè dé lónìí."

"Èmi ni, Màmá. Wọ́n ní ahoro ni wá. Ẹ yọjú sí wọn."