Òṣùwọ̀n tí Limota Kò Gùn

Limota Badmus ti Ọ̀kà Àkókó kì í jalè, kò sì rorò. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò fẹ́ gbọ́ òtítọ́ nípa ara rẹ̀, ó sì lè pa irọ́kírọ́ kí ó má baà gbọ́ ọ.

Kòkó ló ń rà. Láti Ìpè dé Ẹpinmi, àwọn àgbẹ̀ mọ̀ pé òṣùwọ̀n rẹ̀ kò ní màgòmágó. Òun alára ni kì í gun òṣùwọ̀n. Ó sanra tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó gun àpáta dé ilé bàbá rẹ̀ tó ń gbé. Bí àwọn ènìyàn bá sì kí i pé, "Alhaja, ara yìí mà ń yọ̀ o," inú rẹ̀ á dùn.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ra kòkó wọ ètò adójútòfò ìlera. Zachariah, akọ̀wé ètò náà, ṣàlàyé fún wọn ní Ìkàrẹ́.

"Ìsanrajù wà nínú ohun tí a ó máa tọ́jú. Lọ́la, nọ́ọ̀sì yóò gbé gbogbo yín sórí òṣùwọ̀n. Bí ìwọ̀n yín bá ti wà nínú ìwé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, dókítà, oògùn, àní iṣẹ́ abẹ, ọrùn wa ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ ṣáà má parọ́ fún wa. Ẹni tó bá parọ́, a ó yọ orúkọ rẹ̀."

Inú bí Limota. Kí nọ́ọ̀sì máa ké nọ́ńbà òun jáde, kí àwọn tí wọ́n jọ ń du kòkó sì máa gbọ́! Ó délé, ó pe Raliat, àbúrò rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ojú wọn jọra.

"Ìwọ lo máa lọ. Orúkọ mi ni kí o fún wọn."

"Àǹtí mi, orúnkún tó ń dùn yín ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ nílò ìtọ́jú yìí."

"Ṣé àpò kòkó ni mí? Kí wọ́n wá kọ ọ́ pé ara tí Ọlọ́run fún mi, àìsàn ni? Tó o bá mọ̀ pé èmi ni mo tọ́ ẹ, gbéra!"

Raliat lọ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn yòókù ti wọ̀n tán tí wọ́n sì ti lọ. Kílò méjìdínlọ́gọ́ta ni wọ́n kọ síwájú orúkọ Limota, ó sì fi nǹkan náà ṣe ẹ̀rín fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rín òmùgọ̀ ni.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kọ̀ jálẹ̀. Láti ibùsùn dé ojú fèrèsé ló lè rìn mọ. Ọkọ̀ kò lè gun àpáta yẹn, ọ̀kadà kò sì lè gbé e. Ọkùnrin mẹ́fà ló fi àga gbé e sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó rí dókítà ní Ìkàrẹ́. Dókítà ní bí ó bá gba ìtọ́jú ìsanrajù fún ọdún kan, yóò tún rìn. Ayọ̀ kún inú Limota, nítorí Memunat, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fẹ́ ṣe yìgì lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ bá Zachariah.

Zachariah ṣí ìwé, ó wo Limota, ó tún wo ìwé.

"Alhaja, kílò méjìdínlọ́gọ́ta ló wà níbí. Ta lẹ rán wá?"

Kò sí irọ́ tó lè gbà á mọ́. "Àbúrò mi ni," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ó mà ṣe o. Irú yín gan-an la ṣe ètò yìí fún. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ lójú yín."

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, agbára òun nìkan kò sì ká owó ìtọ́jú náà. Bí wọ́n ṣe ń gbé e padà gòkè, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà yọ̀ lórí àpáta, ọwọ́ rẹ̀ kán. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbà láti gbé e mọ́.

Lọ́jọ́ yìgì, Memunat kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sunkún, ìyá rẹ̀ ṣàdúrà fún un, wọ́n sì lọ sí Ìkàrẹ́. Limota dúró lójú fèrèsé títí ọkọ̀ wọn fi pòórá. Ní mọ́ṣáláṣí, Raliat ló jókòó sí ipò ìyá ìyàwó. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ Limota Badmus, òun ló dá wọn lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ má fi ìtìjú purọ́ fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú yín. Ìtìjú orí òṣùwọ̀n kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n Limota ṣì wà lójú fèrèsé títí di òní. Àwa tí a sì máa ń kí aláìsàn pé ara rẹ̀ ń yọ̀, kí a má ṣe rò pé ọwọ́ wa mọ́.