Ọ̀rọ̀ Tí Ádímìn Pa Rẹ́

Ẹ̀yin ádímìn gúrúùpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ kà á tán.

1. Àǹtí Olúfọlákẹ́ ń ta aṣọ ní ọjà Aswani l'Ékòó. Òun náà ni ádímìn gúrúùpù àwọn ọlọ́jà ìlà wọn lórí fóònù. Ó sì fẹ́ràn kó máa fọ́nnu: "Gúrúùpù tèmi kì í gba ìjà. Ẹni bá kọ ìsọkúsọ, mo ti pa ọ̀rọ̀ ẹ̀ rẹ́ kẹ́ ẹ tó jí."

2. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Sherifdeen, àbúrò ọkọ rẹ̀, kọ ọ́ síbẹ̀: "Nafeesah, kó aṣọ ẹ jáde. Iná ń bọ̀."

Sherifdeen àti Nafeesah, tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti ń jà tipẹ́ lórí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí Olúfọlákẹ́ rí i. Kí làwọn èèyàn máa sọ nípa ilé ọkọ òun? Ó tẹ fóònù, ọ̀rọ̀ náà pòórá lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Ó pe Sherifdeen, ó bá a wí. Ìyẹn rẹ́rìn-ín: "Eré ni mò ń ṣe, ìyàwó wa."

3. Nafeesah jí, ó rí i pé ádímìn pa nǹkan rẹ́.

"Àǹtí mi, ẹ kú àárọ̀. Kí lẹ pa rẹ́?"

"Kò sí nǹkan kan jàre. Àṣírí ni mo bò."

"Ẹ ṣé o, mà. Ọlọ́run á bo tiyín náà."

Ẹ ò rí nǹkan! Ó tún ń ṣàdúrà fún un.

4. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí ṣọ́ọ̀bù Nafeesah fi jó. Ó sá wọlé láti kó aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jóná.

Ẹnì kan ta ọlọ́pàá lólobó nípa ọ̀rọ̀ orí gúrúùpù náà. Ní tèṣàn, Sherifdeen búra pé òun ò kọ nǹkan kan. Àwọn tó ti ka ọ̀rọ̀ náà ní àwọn ò rí i, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Àǹtí Olúfọlákẹ́ fi ẹkún jẹ́wọ́ pé òun rí i, òun sì pa á rẹ́.

Ọlọ́pàá bi í pé: "Ẹ̀rí dà, Màmá? Wọ́n ti ọ̀rọ̀ orí áàpù yẹn pa bí ẹní fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ilé iṣẹ́ tó ni áàpù náà gan-an ò lè kà á. Ọwọ́ yín ló wà, ẹ sì sọ ọ́ nù."

Sherifdeen lọ sílé. Títí dòní, ó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Olúfọlákẹ́, ó ń kí i: "Ìyàwó wa, ẹ kú ọjà o."

Nígbà tí Àǹtí lọ wo Nafeesah ní ọsibítù, Nafeesah ò bú u. Ó kàn gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sókè.

"Àǹtí mi, àṣírí ta lẹ bò?"

Ẹ̀yin ádímìn, ẹ gbọ́ o! Ẹ má tú àṣírí ọmọlọ́mọ, kò dáa, òfin náà ò sì fẹ́. Àmọ́ ìhàlẹ̀ kì í ṣe àṣírí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú fóònù, ẹ sọ fún ẹni tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́, ẹ fi han ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.