Ìdírísù àti Kámẹ́rà Inú Oòrùn

Ọ̀lẹ ni Ìdírísù onífọ́tò, ọmọ Ṣàgámù, aláìgbọràn sì ni pẹ̀lú. Bí ènìyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, èyí tó dùn mọ́ ọn nínú ni yóò gbé. Ìyókù di ti afẹ́fẹ́. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kì í rẹ̀ ẹ́. Kò sí ilé tó wọ̀ tí kò ní sọ pé òun ni ọba àwọn onífọ́tò ní gbogbo Rẹ́mọ. Ọba kẹ̀! Ọba tí kì í jí títí oòrùn á fi kan àtàrí.

Nígbà tí kámẹ́rà ńlá rẹ̀ bàjẹ́, ó ní òun kò gbé ẹrù wúwo kiri mọ́. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kíkí, ọmọbìnrin tó ń ta fóònù àti kámẹ́rà, ó sì mú pẹlẹbẹ kan tí kò wọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá, kí n má tàn yín," ni Kíkí wí. "Ó fúyẹ́, àpò ṣòkòtò gbà á, ó sì rọrùn lò. Nínú oòrùn, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Àmọ́ bí ibi tí ẹ wà bá ṣókùnkùn, kò ríran dáadáa o. Iná rẹ̀ kò lágbára. Ẹ má fi ṣe iṣẹ́ inú ilé."

"Ó fúyẹ́, àbí?"

"Ó fúyẹ́, sà. Ṣùgbọ́n..."

"Ó ti tó. Ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́."

Lóòótọ́, kámẹ́rà náà ṣiṣẹ́. Ó fi ya àwọn awakọ̀ àti àwọn olóúnjẹ ní Ṣàgámù Interchange, gbogbo fọ́tò náà sì ń dán. Ni igbéraga bá gun orí ọ̀gbẹ́ni.

Kò pẹ́, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hàmdálátù wá pè é. Ìyá rẹ̀, Alhájà Àjọkẹ́, àgbà oníṣòwò obì, kò jókòó fún fọ́tò rí láyé rẹ̀. Nísinsìnyí tí àìsàn dé, ó gbà fún àwọn ọmọ rẹ̀, kìkì pé kí wọ́n ya òun láàárín obì òun.

Ẹni tó bá mọ obì mọ̀ pé oòrùn àti atẹ́gùn ló ń bà á jẹ́. Nítorí náà, yàrá obì Alhájà kò ní fèrèsé, ewé ni wọ́n sì fi bo àwọn agbọ̀n. Kò síná lọ́jọ́ náà.

"Ọmọ mi," ni Alhájà wí, "ṣé kí wọ́n gbé àga mi àti agbọ̀n díẹ̀ jáde sí àgbàlá? Ibí yìí ṣókùnkùn."

Àwọn kan ń dúró de Ìdírísù ní Interchange, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbọ̀n dá òun dúró. "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, Màámi. Kámẹ́rà yìí ń rí inú kànga!" Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kì í bọ àpò, ó bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ló lè sọ ìyẹn fún onítiwa?

Ilé ló dé kó tó wò ó. Àwọn agbọ̀n obì tó wà níwájú hàn kedere, tewétewé. Ojú Alhájà ńkọ́? Bàìbàì, kò sí imú, kò sí ẹnu. Ẹni tó nítìjú ì bá padà lọ yà á. Ìdírísù kò lọ. Ìgbàkígbà tí Hàmdálátù bá béèrè, á ní, "Ó kù díẹ̀."

Nígbà tó yá, Alhájà jáde láyé ní ìdájí, wọ́n sì sin ín kí ọ̀sán tó pọ́n, bí ìṣe Mùsùlùmí. Hàmdálátù fi omijé pe Ìdírísù. "Ẹ bá wa gbé fọ́tò Màámi wá síbi fídáù. Òun nìkan la ní."

Ṣé ẹ mọ ohun tí aláìnítìjú yìí ṣe? Ó tú inú kámẹ́rà, ó rí arúgbó kan tó yà ní Interchange, tó fi ìborùn bo orí, tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí kámẹ́rà. Ó ní arúgbó kò yàtọ̀ sí arúgbó, ẹkún kò sì ní jẹ́ kí wọ́n wò ó fínnífínní. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì fi sínú fèrèmù ńlá.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú fọ́tò níbi fídáù, Hàmdálátù wò ó, ó tún un wò.

"Ta nìyí?"

"Màámi ni. Àìsàn ló yí ojú wọn padà."

Ni arúgbó kan, oníbàárà Alhájà láti Òde Rẹ́mọ, bá dìde láàárín àwọn tó wá kẹ́dùn. "Yéè! Èmi rèé! Èmi Ìdíátù! Ṣé èmi lẹ ń ṣe fídáù fún ni?"

Ìdírísù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó jẹ́wọ́, ó sì fi àwòrán tòótọ́ hàn wọ́n nínú kámẹ́rà. Hàmdálátù gba kámẹ́rà náà. Ó ń fi ìka wá ojú ìyá rẹ̀ nínú òkùnkùn náà. "Agbọ̀n la rí yìí," ló wí. "Bí àwọn ọmọ ọmọ mi bá bi mí pé báwo lojú ìyá mi ṣe rí, kí ni kí n fi hàn wọ́n?" Ọba àwọn onífọ́tò gbé fèrèmù rẹ̀, ó sì yọ́ jáde.

Kò sẹ́ni tó pè é síṣẹ́ mọ́, láti Ṣàgámù dé Ìpẹ̀rú. Títí di òní, bó bá yọ lókèèrè, àwọn ìyá àgbà á fi ìborùn bojú, wọ́n á ní, "Ẹ má jẹ́ kó yà mí o, n ò tíì kú!"

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ṣòro. Kámẹ́rà kò ṣẹ̀, nítorí ohun pọ́ọ́kú kì í ṣe ohun burúkú fún ẹni tó bá gbọ́ àléébù rẹ̀ bó ti gbọ́ àǹfààní rẹ̀. Bí a bá ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́ ká tètè jẹ́wọ́ nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe. Ẹni tí kò bá lè fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn, kó má gbà á. Ohun mìíràn wà tó jẹ́ pé bó bá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó bọ́ náà nìyẹn.