Ètò Kan Ń Ṣọ́ Kọ̀ǹpútà Yìí

Ọjọ́ Ajé ni ìkìlọ̀ náà kọ́kọ́ yọ. Ọkọ ń ti ilé ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò kan. Láràárọ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ a gba orí VPN wọ ọ́fíìsì, bí ẹni gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ fún ní kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ náà, kí ọ̀nà tó ṣí, àkọlé pupa kan bo ojú ẹ̀rọ: "Ètò kan ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà yìí. Ẹ yọ ọ́ kúrò."

Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó fọwọ́ lẹ́rán.

Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ayàwòrán ilé. Láti ìgbà tó ti ń bá kọ́ńtírátọ̀ kan ṣiṣẹ́, ọkùnrin tí eyín rẹ̀ funfun bí àwo tuntun, oorun ti dá lójú ọkọ. Eléyín ló sọ ọkùnrin náà. Ó rọra fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà ìyàwó rẹ̀, ó ń jókòó sí yàrá tirẹ̀, ó ń wo gbogbo ohun tí obìnrin náà ń ṣe. Òpó ló rí, àti àtẹ̀gùn, àti fèrèsé. Síbẹ̀, bí Eléyín bá kọ ọ́ pé "Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa," ọkọ a kà á lákàtúnkà, a máa wá ohun tó fara pamọ́ sábẹ́ "wa" yẹn.

Ó pe ọ́fíìsì.

"Àyẹ̀wò tuntun la fi sí i, bọ̀dá," ni obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ wí. "Kọ̀ǹpútà tó bá ti ilé wá, a ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé àtúnṣe rẹ̀ pé, ṣé kò ní kòkòrò, ṣé ẹnikẹ́ni kò yọjú wo iṣẹ́ àwọn oníbàárà wa. Kí ni tiyín sọ?"

"Pé ètò kan ń ṣọ́ nǹkan."

"Ó ń ṣọ́ kí ni?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n, àǹtí. Màá yọ ọ́."

"Ẹ tún un kà dáadáa o. Ohun tó bá rí gan-an ló ń sọ. A ṣì máa jẹ́ kí ẹ máa wọlé, ṣùgbọ́n tó bá wà níbẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀nà yín máa tì, ẹ ó sì gbé kọ̀ǹpútà wá ṣàlàyé. Ọjọ́ Ẹtì yẹn náà ni wọ́n fẹ́ yan ọ̀gá ẹ̀ka yín."

Kò tún un kà. Ẹni tó jí ẹran sápò, bí ajá bá gbó lójúlé kẹta, òun ló ń gbó mọ́.

Lọ́sàn-án, wọ́n ṣèpàdé ọ́fíìsì lórí kámẹ́rà. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀ kó tó kí akọ̀wé tuntun, bó ṣe máa ń ṣe. Nídìí oúnjẹ alẹ́, ìyàwó rẹ̀ bu ẹ̀fọ́ fún un, ó ní, "Ẹ yéé bọ́ gíláàsì yín. Ojú yín á wá fún bíi ti ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Kò kúkú sọ yín dọmọdé."

Ọkọ rẹ́rìn-ín. Gíláàsì wà lójú rẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, kò tíì rí ọ̀nà yọ ètò náà. Ìyàwó rẹ̀ kò kúrò nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rárá. Ọkọ lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Mo fi nǹkan sínú ẹ̀rọ rẹ. Mo ti ń ṣọ́ ẹ. Tìtorí Eléyín ni."

Obìnrin náà gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. "Eléyín tó ti ní ọmọ-ọmọ?"

"Eyín ẹ̀ ò jọ ti àgbàlagbà."

"Ó rà á ni." Ó wò ó lójú. "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń jẹ́wọ́ lónìí?"

"Ọ́fíìsì ti rí i. Ìkìlọ̀ yọ lórí kọ̀ǹpútà mi."

"Tiyín?"

"Tèmi. Bí mi ò bá yọ ọ́ kó tó di ọ̀la, ipò ọ̀gá ẹ̀ka ti bọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ó ti kù díẹ̀. Wọ́n ti ní akọ̀wé tuntun yẹn ni yóò máa bá mi ṣiṣẹ́."

"Mo mọ̀," ni ìyàwó wí. Lẹ́yìn náà, ó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ ọkọ. "Ẹ yọ tibí. Inú ò bí mi. Mo mọ bí iṣẹ́ ìṣọ́ ṣe ń rẹ èèyàn."

Ó yọ ọ́ níṣojú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sùn, ó hanrun.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ra, ó tan kọ̀ǹpútà, ó ní kó wọ ọ́fíìsì. Àkọlé pupa náà yọ. Ó tún un ṣe. Ó tún yọ. Ó bọ́ gíláàsì, ó nujú, ó sún mọ́ ojú ẹ̀rọ.

"Ẹ wọ gíláàsì yín, olówó orí mi," ni ohùn ìyàwó rẹ̀ wí láti ilé ìdáná, lẹ́yìn ògiri méjì, "kẹ́ ẹ lè rí i kà pé kọ̀ǹpútà yìí ni wọ́n kọ síbẹ̀."